Nígbà tí Mo Di Àlejò Nílé Ọkọ Mi

Ẹ̀yin ọmọ mi, etí mi kò tí ì di tó bí ẹ ti rò. Láti ìgbà tí ẹ ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ni mo ti ń gbọ́ yín nínú pálọ̀. Apá kan ń sọ pé ọmọ àná tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé-ẹ̀kọ́ àwọn pásítọ̀ kò lẹ́nu láti sọ fún àgbà pé kó má lọ sí ìpàdé ẹbí mọ́. Apá kejì ń sọ pé ẹni tí Ọlọ́run bá rán, a kì í bi í léèrè ọjọ́ orí. Káyọ̀dé, ìwọ tí ọ̀rọ̀ kàn, ìwọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọwọ́ lé lórí, mo rí ọ ní kọ̀rọ̀ tí o ń fi ṣíbí ro tíì tó ti tutù. Má fajú ro. Wá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi. Ẹ̀yin yòókù, ẹ pa tẹlifíṣọ̀n yẹn.

Ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá kí á gba ọ̀rọ̀ pásítọ̀ ọ̀dọ́ gbọ́ ni, àbí kí á dúró kí irùngbọ̀n rẹ̀ funfun ná. Ọ̀rọ̀ yẹn kan náà ló fẹ́ lé mi kúrò nílé ọkọ, nígbà tí oyún àkọ́bí mi wà nínú mi. Àkọ́bí yẹn ni bàbá Káyọ̀dé. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí mo ti mọ̀ ọ́n.

Ọ̀yọ́ ni wọ́n bí mi sí, nínú ilé àwọn tó ń fín igbá. Iṣẹ́ bàbá mi nìyẹn, ó sì tún jẹ́ àgbà ìjọ. Ìró ọ̀bẹ rẹ̀ lára igbá ló ń jí wa láàárọ̀. Bí a bá ti gbọ́ ọ, a mọ̀ pé inú rẹ̀ dùn, nítorí bí inú bá ń bí i, kì í fọwọ́ kan ọ̀bẹ. Á ní ìbínú a máa ba ọnà jẹ́. Igbá wọ̀nyẹn ni àwọn ìyàwó fi ń ru ẹrù lọ sílé ọkọ. Lónìí, ike ni mo ń rí káàkiri. N kò bá ike jà o, ike kì í fọ́ bọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tiwa, bí ìyàwó bá ru igbá kọjá, àwọn àgbà á wo ọnà ara rẹ̀, wọ́n á sì mọ agbo ilé tó ti wá.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n fi mí fọ́kọ sí. Bàbá yín àgbà jẹ́ káfíńtà, ó wá kan àga sí ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ọ̀yọ́, àga mẹ́rin tó yẹ kó fi ọ̀sẹ̀ kan kàn, ó lo oṣù méjì nídìí rẹ̀. Gbogbo ìlú ti mọ ohun tó ń wá kí èmi tó mọ̀. Inú lọ́rì ni wọ́n gbé mi sí lọ́jọ́ ìgbéyàwó, eruku ọ̀nà sì bò mí tó bẹ́ẹ̀ tí irun mi fi pọ́n bíi ti òyìnbó nígbà tí a dé. Wọ́n da omi tútù sí mi lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, àwọn obìnrin ilé kọrin, mo sì di ìyàwó.

Ẹ fetí sí èyí dáadáa, nítorí pé òun gan-an ni kókó ọ̀rọ̀, ayé sì ti gbé e lọ. Nígbà náà, obìnrin kì í fẹ́ ọkùnrin kan ṣoṣo. Agbo ilé ló ń fẹ́. Gbogbo ọmọ ilé tí o bá bá nílé, ọkọ rẹ ni, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́ tó ń tọ̀ sára. O kò gbọdọ̀ pe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Ìwọ fúnra rẹ ni wàá wo ìrìn rẹ̀, wàá wo ẹ̀rín rẹ̀, wàá fún un ní orúkọ tó bá a mu, orúkọ yẹn ni wàá sì máa pè é títí ọjọ́ alẹ́. Àbúrò ọkọ mi tó jẹ́ télọ̀, tó ga bí òpó, mo pè é ní Agùntáṣọọ́lò. Èyí tó kúrú, tí ijó kì í tán lẹ́sẹ̀ rẹ̀, Akúrúyẹjó. Èyí tí eyín rẹ̀ ń dán, Eyínfúnjowó. Bí mo bá ń pè wọ́n láàárọ̀, ilé á máa dún, àwọn náà á máa rìn bí ẹni tó gba oyè.

Àbíkẹ́yìn ìyá ọkọ mi jẹ́ ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́jọ. Fọlákẹ́ ni orúkọ rẹ̀. Ìró kì í dúró nídìí ọmọ náà. Á tún un ró, á tún un ró, bí àgbà obìnrin tó ń lọ sóde ìnáwó. Mo pè é ní Ìbàdí-àrán. Láràárọ̀, kí n tó mú ìgbálẹ̀, màá kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ìyá rẹ̀. Màá ní, “Ìbàdí-àrán, ọkọ mi, ṣé dáadáa lo jí?” Òun náà á gbé àyà síwájú, á ní, “Dáadáa ni, ìyàwó mi. Ṣé ẹ̀kọ ti dé?”

Kérésìmesì àkọ́kọ́ tí mo ṣe nílé náà, wọ́n fún un ní ẹran adìẹ. Ó jẹ ìdajì, ó fi ewé wé ìdajì tó kù, ó tọ́jú rẹ̀ fún mi sábẹ́ ẹní títí di ọjọ́ kejì. Nígbà tó máa mú un dé, èèrà ti bò ó. “Ìyàwó mi, tìrẹ nìyí.” Kí ni ẹ rò pé mo ṣe? Mo gbọn èèrà dànù, mo jẹ ẹ́ níwájú rẹ̀. Mo fẹ́ràn ọmọ náà púpọ̀.

Ìyá ọkọ mi, Mùsùlùmí ni. Nínú agbo ilé yẹn, a ní onígbàgbọ́, a ní Mùsùlùmí, a ní ẹni tó ń bọ Ṣàngó, a sì jọ ń jẹ ẹran Iléyá, a jọ ń jẹ ìrẹsì Kérésì. Obìnrin tí kì í pariwo ni. Òwú ló máa ń ran lójoojúmọ́ níwájú yàrá rẹ̀, ìrànwú rẹ̀ á máa jó nílẹ̀. Bí inú rẹ̀ bá dùn sí ọ, á rán ọ níṣẹ́. Bí inú rẹ̀ bá dùn sí ọ gan-an, á bú ọ díẹ̀ sí i. Ilé ọkọ, ilé ẹ̀kọ́. Kò pẹ́ tí mo fi mọ ìwà rẹ̀.

Ìgbà náà ni wọ́n gbé pásítọ̀ tuntun wá fún ìjọ wa. Ọmọ Ìkòyí-Ilé ni, kò tí ì ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún lọ, kò sì tí ì gbéyàwó. Lẹ́yìn rẹ̀, Pásítọ̀ Kékeré ni à ń pè é. Níwájú rẹ̀, Bàbá ni. Ẹ ò bá rí àwọn àgbà tó ti ní ọmọ-ọmọ, tí wọ́n ń tẹríba: “Ẹ káàárọ̀, Bàbá wa nínú Olúwa.” Òun náà á sì gbà á bí ẹni pé ó tọ́ sí i.

Ẹ má rò pé mo fẹ́ fi í ṣẹ̀sín. Ọkùnrin náà ṣe gudugudu méje. Òun ló dá kíláàsì kíkà sílẹ̀ fún àwa ìyàwó lábẹ́ igi máńgòrò. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo ti mọ á, bí, dí. Òun ló lọ láti ilé dé ilé, tó ń bẹ àwọn bàbá kí wọ́n fi ọmọbìnrin sílé-ìwé. Òun ló dìde lórí pẹpẹ, tó ní ọkùnrin tó bá na ìyàwó rẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Àwọn ọkùnrin kan kò sùn dáadáa lọ́sẹ̀ yẹn. Nítorí náà, bó bá ti la ẹnu, èmi ti gbà. N kò ronú pé ẹnu kan náà lè sọ òótọ́ mẹ́ta kó wá ṣi ẹ̀kẹrin sọ.

Ọjọ́ Ìsinmi kan, ó wàásù lórí irọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn oníṣòwò, ó bá àwọn télọ̀ tó ń sọ pé “ó ti kù díẹ̀” wí, gbogbo wa ń rẹ́rìn-ín. Lójijì ló yíjú sí apá ọ̀dọ̀ àwa obìnrin.

“Ẹ̀yin ìyàwó ilé ńkọ́? Ẹ ń pe ọmọ ọmú ní ọkọ! Ọkọ mélòó lẹ bá dúró níwájú pẹpẹ? Ọ̀kan ni. Irọ́ ni èyí tó kù. Bí ọmọ bá ń jẹ́ Jósẹ́fù, Jósẹ́fù ni kí ẹ pè é.”

Àwọn àgbà obìnrin wúkọ́. Ẹni tó bá mọ ikọ́ àgbà á mọ̀ pé kì í ṣe òtútù ló mú wọn. Wọ́n gbé ìwàásù náà sílẹ̀ lórí àga ibẹ̀, wọ́n gba ilé wọn lọ. Èmi nìkan ni mo gbé e délé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ìyá ọkọ mi. N kò kúnlẹ̀. Mo ní, “Fọlákẹ́, káàárọ̀.”

Ọmọ náà wo ẹ̀yìn rẹ̀, bóyá ẹlòmíràn ni mo ń pè. Kò rí ẹnì kankan. Ó ní, “Ìyàwó mi, kí ni mo ṣe?”

“O kò ṣe nǹkan kan. Orúkọ rẹ ni mo pè. Èmi kì í ṣe ìyàwó rẹ. Ìyàwó bùọ̀dá rẹ ni mí.”

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kò ṣeé kó. Ó tún ìró rẹ̀ ró lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ó bú sẹ́kún, ó sáré wọlé tọ ìyá rẹ̀ lọ: “Ìyá, ó ti gba orúkọ mi! Ó fún mi, ó tún ti gbà á padà!” Títí di òní, mo ṣì lè gbọ́ ohùn yẹn. Ìrànwú ìyá ọkọ mi dúró. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, kò bínú, kò kígbe. Ó kàn ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́ o.”

Ẹ gbọ́ o, “ẹ”! Obìnrin tó bí ọkọ mi!

Mo lọ mú ìgbálẹ̀. Ó gbà á lọ́wọ́ mi jẹ́jẹ́. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. A kì í jẹ́ kí àlejò gbálẹ̀.” Mo gbé korobá, wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi. Mo fẹ́ dáná, àwọn ìyàwó yòókù ní iná ti ń jó. Ní ọ̀sán, ìyá ọkọ mi bu omi fún mi, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e wá. Ẹ̀yin ọmọ mi, ó sàn kí wọ́n gbá yín létí ju kí ìyá ọkọ fi ọwọ́ méjèèjì gbé omi fún yín. Gbogbo ilé ń bọ̀wọ̀ fún mi. Oúnjẹ mi ló ń kọ́kọ́ jáde. Bí mo bá wọ ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀, wọ́n á yí i sí ti ojú ọjọ́. Fọlákẹ́ á sì gba ẹ̀yìnkùlé lọ bó bá ti rí mi.

Bàbá yín àgbà wà ní Sábó ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, ó ń kan ilẹ̀kùn sí ilé oníṣòwò kan níbẹ̀. Nígbà tó dé, tó sì gbọ́, ó fi ọwọ́ lérí. “Fún ọmọ náà lórúkọ rẹ̀ padà, kí ilé tutù.”

Mo ní, “Ṣé kí n purọ́ níwájú Ọlọ́run ni?”

Ó mú ayùn rẹ̀. “Èmi kì í ṣe pásítọ̀. Igi ni mo mọ̀.” Ó jáde lọ rẹ́ pákó tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ rẹ̀.

Inú ìnira ńlá ni mo wà. Bí mo bá pe ọmọ náà ní ọkọ mi, mo ti ṣẹ Ọlọ́run. Bí n kò bá pè é, n kò nílé. Oyún oṣù márùn-ún sì wà nínú mi. Ta ni yóò wẹ ọmọ mi? Ta ni yóò fi omi gbígbóná jó mi níkùn? Ìyá ọkọ ló ń ṣe é, àlejò kò sì lè sọ pé kí onílé wẹ ọmọ fún òun.

Mo lọ bá Pásítọ̀ Kékeré. Mo rò pé yóò bá mi wá ọ̀nà. Ojú rẹ̀ ṣe bí ojú ọmọ tó gba ẹ̀bùn nílé-ìwé. “Arábìnrin, ẹ yọ̀! Inúnibíni nìyẹn. Ẹ dúró gbọn-in.” Ó rọrùn fún un láti wí, ẹni tí kò mọ ohun tó ń jẹ́ ilé ọkọ. Mo padà sílé, mo dúró gbọn-in, mo sì ń sunkún.

Káyọ̀dé, má rẹ́rìn-ín. Èmi àti ọkùnrin yẹn jọ dàgbà ni. Orí rẹ̀ pá lójú mi, eyín rẹ̀ ń dín lójú mi, ìjọ kò sì yé pè é ní Pásítọ̀ Kékeré títí ó fi di ẹni tó ń tẹ̀pá. Lẹ́yìn tí bàbá yín àgbà ti lọ, ó máa ń wá jókòó tì mí lọ́sàn-án, a ó jọ máa jẹ máńgòrò. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí ni ó rò sí àwọn ìwàásù ìgbà èwe rẹ̀. Ó fi aṣọ nu ẹnu.

“Ìyá, mo dà bí ọmọ tí wọ́n ń rán níṣẹ́, tí kò dúró gbọ́ ọ̀rọ̀ tán kó tó ki eré mọ́lẹ̀. Ẹni tó rán mi kò purọ́. Èmi ni n kò dúró gbọ́ ìyókù.”

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n ẹ má tí ì pàtẹ́wọ́ fún àgbà. Kò pẹ́ sí ọjọ́ yẹn ni àgbà ìjọ kan na ìyàwó rẹ̀ débi pé ojú rẹ̀ wú. Obìnrin náà lọ bá pásítọ̀. Kí ni bàbá wa wí? Ó ní kó máa fara dà á, kó máa gbàdúrà. Nígbà tí pásítọ̀ wá sọ́dọ̀ mi, n kò fún un ní máńgòrò.

Mo ní, “Pásítọ̀, nígbà tí ẹ wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlélógún, ẹ ní irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Ta ló yí i padà?”

Ó ní, “Ọ̀rẹ́ mi ni ọkùnrin náà, Ìyá. Ó ti pẹ́ tí a ti jọ ń bọ̀.”

“Ẹ padà lọ bi ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn léèrè ohun tí ẹ ó ṣe.”

Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó dìde, ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló sì gbà lọ tààrà. Nítorí náà, bí ẹ bá ń bi mí bóyá ọjọ́ orí ń yí ẹ̀kọ́ pásítọ̀ padà, ó ń yí i padà. Ó ń kọ́ni ní sùúrù, ó sì ń kọ́ni ní ìbẹ̀rù. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọ̀kan ṣoṣo dá a, ahéré ni yóò rí kọ́. Káyọ̀dé, máa wàásù rẹ. Ṣùgbọ́n kí o tó ní kí ẹnì kan kúrò láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀, kọ́kọ́ lọ jókòó sílé ẹni náà, kí o wo ẹni tó ń bu omi fún un.

Ibo ni mo dé ná? Ẹ̀n-ẹ́n. Ìyá ọkọ mi ránṣẹ́ sí Ọ̀yọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ kúrú: kí wọ́n jọ̀ọ́ wá mú ọmọ wọn, àlejò tó lóyún, ilé bàbá rẹ̀ ló yẹ kó bí i sí.

Lọ́rì ọ̀sán ni bàbá mi bá dé. Ó gbé igbá ọlọ́nà méjì dání, ó sì kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ Pásítọ̀ Kékeré, ó bẹ̀ ẹ́ kó tẹ̀lé òun. Ẹrù mi ti wà ní dídì lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn méjèèjì jókòó sórí àga tí ọkọ mi kàn, òun fúnra rẹ̀ ti padà sí Sábó, ìyá ọkọ mi jókòó sórí àpótí rẹ̀, èmi wà nílẹ̀.

Ìyá ọkọ mi ní, “Bàbá Ọ̀yọ́, ẹ kú ìrìn. A kò bá ọmọ yín jà o, wàláì. Ó bẹ̀ wá wò, ó ṣe dáadáa, ó sì ti pẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ní òun kì í ṣe ìyàwó wa.”

Bàbá mi yíjú sí mi. “Ṣé o wí bẹ́ẹ̀?”

“Mo wí bẹ́ẹ̀, Bàbá. Pásítọ̀ ní irọ́ ni.”

Bàbá mi ṣí fìlà. Mo rò pé yóò bínú. Ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù. “Pásítọ̀, ẹ má bínú, ìbéèrè kékeré kan ni. Kí ni ìjọ ń pè yín?”

“Bàbá ni.”

“Èmi náà pè yín bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo yà sílé yín lẹ́ẹ̀kan. Ẹ sì jẹ́ mi. Ọmọ mélòó lẹ bí?”

Pásítọ̀ fọwọ́ tún táì rẹ̀ ṣe.

“Ọdún mélòó lẹ fi jù mí lọ?”

Òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde níwájú orí ọmọ ènìyàn.

“Ṣé irọ́ ni gbogbo ìjọ ń pa, nígbà náà? Rárá o. Bí mo bá pè yín ní Bàbá, kì í ṣe ọjọ́ orí yín ni mò ń kà. Ipò tí wọ́n fi yín sí ni mò ń bọ̀wọ̀ fún. Bí ọmọ mi bá pe ọmọ kékeré yẹn ní ọkọ, ẹnikẹ́ni kò rò pé ó fẹ́ ẹ. Ohun tó ń sọ ni pé: ìwọ ni mo bá nílé, jọ̀ọ́, gbà mí láàyè.”

Ẹ wo o, bí ẹni pé wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ lórí mi ni. Láti ọjọ́ yìí wá, n kò mọ̀ pé mo lè bọ̀wọ̀ fún ọmọ náà kí n má sì ṣẹ Ọlọ́run!

Pásítọ̀ Kékeré ní, “Bàbá, n kò wò ó bẹ́ẹ̀ rí.” Ó sì dìde, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìyá ọkọ mi, nínú kóòtù àti táì. “Ìyá, ẹ̀bi mi ni. Kì í ṣe tirẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, màá sọ bẹ́ẹ̀ lójú gbogbo ìjọ.” Ó sì sọ ọ́, ẹ má ṣiyèméjì. Ọ̀pọ̀ àgbà ni kò lè ṣe èyí tí ọmọdé yẹn ṣe.

Ìyá ọkọ mi ní, “Dìde, ọmọ mi. Mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi ni wọ́n gba orúkọ lọ́wọ́ mi.”

Fọlákẹ́ dúró lẹ́yìn òpó. Mo fi orúnkún rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. “Ìbàdí-àrán, ọkọ mi, má bínú sí mi.”

Kò wò mí. Ó ní, “Fọlákẹ́ ni mò ń jẹ́.”

Ó dùn mí dé egungun. Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀, n kò mọ ohun tí mo tún lè ṣe. Ìyá ọkọ mi ní, “Ẹ dìde, ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ dùn yín lórúnkún.” “Ẹ” náà ṣì ni. Bàbá mi mí kanlẹ̀, ó na ọwọ́ sí ẹrù mi.

Ẹnikẹ́ni nínú wa kò wo ojú ọ̀run. Lójijì ni atẹ́gùn gbé eruku, ibi gbogbo ṣókùnkùn. Lórí àpáta lẹ́yìn ilé ni a sá gbodo sí, iṣu tí a ti bọ̀ fún èlùbọ́ gbogbo ọdún, ó bo àpáta láti etí dé etí. Ìyá ọkọ mi fò dìde, àpótí rẹ̀ dojú dé.

“Ìyàwó! Ṣé o fọ́jú ni? Òjò ń bọ̀, o kúnlẹ̀ bí ère! Sáré lọ kó gbodo wọlé, ọ̀lẹ!”

Wọ́n ti rán mi níṣẹ́! Wọ́n ti bú mi! N kò mọ ìgbà tí mo dé orí àpáta. Gbogbo ilé tú jáde. Bàbá mi ń kó gbodo sínú igbá ọlọ́nà tó gbé wá, Pásítọ̀ Kékeré bọ́ kóòtù rẹ̀, ó ń kó o sínú rẹ̀. Mo ń sunkún, mo ń rẹ́rìn-ín, òjò ń wẹ omijé lọ lójú mi. Ẹní kan tí a sá gbodo lé wà tí ọwọ́ mi kò ká. Bí mo ti gbé etí rẹ̀ kan, mo rí ọwọ́ kékeré méjì tó di etí kejì mú.

Mo kígbe nínú òjò, “Ìbàdí-àrán, ọkọ mi, dì í mú dáadáa!”

“Mo ti dì í mú, ìyàwó mi. Ìwọ ni kí o má sáré mọ́, oyún wà nínú rẹ!”

Ọkọ mi ti sọ̀rọ̀. Mo rọra ń rìn lọ sílé.